Ìdajì Kápúsù

Ìtọ̀ ni wọ́n ń dúró dè, Muideen kò sì tọ̀.

Ó ti tó wákàtí kan tí Ruqoyah ti gbé ife oníke sábẹ́ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ní ọsibítù kékeré kan ní Ìkòsì. Ara ọmọ náà gbóná janjan. Kò gba ọmú mọ́, ẹkún rẹ̀ pàápàá ti di ìkérora. Nọ́ọ̀sì Judith ti ṣàlàyé pé ó jọ pé kòkòrò ti wọ ojú ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀, àti pé lára ọmọ tó kéré báyìí, kì í pẹ́ kó tó bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ gba ìtọ̀ tó mọ́ kí abẹ́rẹ́ apakòkòrò tó wọlé.

Ìyá ọkọ Ruqoyah, Alhaja tó ń ta ata ní Mile 12, kò lè wò ó mọ́. Ó ki ọwọ́ bọ omi tútù, ó ń fi ra abẹ́ ìdodo ọmọ náà, ó ń ṣe “ṣíì, ṣíì” sí i létí. Kò pẹ́, ìtọ̀ tú jáde, ó bọ́ sínú ife.

“Ẹ̀yin onímọ̀ yìí,” ni Alhaja wí, “ẹ máa ń gbàgbé pé àwa la tọ́ yín dàgbà.”

Judith rẹ́rìn-ín, ó mú bírò. Ó béèrè bóyá ọmọ náà ti lo oògùn kankan.

“Oògùn wo? Ìyá rẹ̀ ò jẹ́ kí àgbo mi kàn án lẹ́nu. Ọmú nìkan ni.”

Ruqoyah mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀, nígbà tí Alhaja wà lórí ẹní ìkírun, òun fúnra rẹ̀ ló tú kápúsù apakòkòrò kan, nínú èyí tí wọ́n fún un lẹ́yìn ìbímọ, tó da ìdajì rẹ̀ sínú ọmú tó fún sínú ṣíbí. Òun tó da ìkòkò àgbo Alhaja nù lójú àlejò lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ! Tó bá sọ ọ́, ìkòkò yẹn kò ní kúrò lọ́rùn rẹ̀ láéláé.

Ó rọra béèrè ohun tí wọn yóò ṣe bí wọn kò bá rí kòkòrò nínú ìtọ̀ náà. Judith kò gbójú sókè. Ó ní ó ṣeé ṣe kí dókítà dá abẹ́rẹ́ dúró, kí wọ́n wá ohun tó fa ibà náà síbòmíràn.

Bírò ti ń lọ lórí ìwé.

“Ẹ dúró, Aunty Nọ́ọ̀sì. Mo fún un ní kápúsù láàárọ̀. Ìdajì.”

Ọwọ́ Alhaja dúró lórí ẹsẹ̀ ọmọ.

Judith béèrè orúkọ oògùn náà àti aago tó fún un, ó kọ wọ́n, ó fa ìlà méjì sábẹ́ wọn. Ó ní ìdajì yẹn lè fi kòkòrò pa mọ́ fún àwọn tó ń yẹ ìtọ̀ wò, síbẹ̀ kí kòkòrò náà má kú nínú ara ọmọ. Ní báyìí tí dókítà yóò mọ̀, kò ní torí àyẹ̀wò tí kò rí kòkòrò dá abẹ́rẹ́ dúró. Ó gbé Muideen wọlé lọ gba abẹ́rẹ́.

Ẹkún sọ nínú yàrá, ẹkún gidi, àkọ́kọ́ láti àná.

Alhaja tún gèlè rẹ̀ wé. “Ọ̀rọ̀ ìkòkò mi ń bọ̀,” ló wí. “Ó di ọjọ́ tí ọmọ bá mu ọmú yó.”

Ruqoyah gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó ń bẹ Ọlọ́run kí ìjà náà tètè dé.