Bí Fàúsátù Ṣe Tún Ọ̀rọ̀ Kọ́

Fàúsátù Ọbalọlá ló máa ń ṣètò ẹ̀kọ́ fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan l'Ájégúnlẹ̀. Ètò rẹ̀ kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ohun tí àwọn ọmọ bá ti kọ́ lónìí, ó di ọjọ́ ìdánwò kí wọ́n tó tún gbọ́ ọ. Ọmọ tí kò bá lè bá ẹgbẹ́ rìn, ọ̀lẹ ni lójú rẹ̀.

Àfi bí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe kọlù ú lójijì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti fò lọ lẹ́nu rẹ̀. Á wo ṣíbí, á mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, kò ní rí orúkọ rẹ̀ pè. Dókítà ní ọpọlọ ló fara gbọgbẹ́, kí wọ́n máa kọ́ ọ bí ọmọdé.

Ufuoma, tíṣà kíláàsì kìíní, ló yọ̀ǹda ara rẹ̀. Bí ilé-ìwé bá ti jáde, á wá bá a nílé, á kó ṣíbí, kọ́kọ́rọ́ àti ife kalẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Fàúsátù pe gbogbo wọn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kò rántí ọ̀kankan. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ má sunkún, mà," ni Ufuoma wí. "Kò sọnù. Ẹ jẹ́ ká tún un pè."

Wọ́n tún un pè. Ufuoma fo ọjọ́ díẹ̀, ó tún bi í. Ó jẹ́ kó sùn, kó sinmi, ó tún bi í. Díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dúró.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Fàúsátù béèrè pé, "Ṣé... báyìí... lo ń kọ́ àwọn ọmọ?"

Ufuoma gbé ife ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Rárá, mà. Ètò yín ò fàyè sílẹ̀."

Fàúsátù wolẹ̀. Nkechi ló wá sí i lọ́kàn, ọmọ tí òun ní kó tún kíláàsì kìíní ṣe lẹ́ẹ̀mejì, tí ìyá rẹ̀ sì mú kúrò nílé-ìwé, tó ń mú un tẹ̀ lé ara rẹ̀ lọ ta omi fún àwọn awakọ̀ àjàgbé ní èbúté Tin Can.

Òun àti Ufuoma jọ tún ètò náà kọ: ẹ̀kọ́ dín kù, wọ́n ń padà sí èyí tí wọ́n ti kọ́, eré àti ìsinmi sì wà láàárín.

Wọ́n gbé e lọ fún Ọ̀gbẹ́ni Ọlánípẹ̀kun tó ni ilé-ìwé, nílé rẹ̀ ní GRA Àpápá. Ó yẹ̀ ẹ́ wò tán.

"Ìyáàfin, àwọn òbí á ní owó àwọn ń ṣòfò, pé ohun kan náà la ń kọ́ léraléra."

Fàúsátù wá ọ̀rọ̀ títí. "Àwọn ọmọ... kì í ṣe... ọ̀lẹ."

Ọkùnrin náà tún ètò náà yẹ̀ wò. Níkẹyìn ó gbà á fún kíláàsì kìíní nìkan.

Fàúsátù ránṣẹ́ sí ìyá Nkechi. Wọ́n ní ó ti kó kúrò ládùúgbò, ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó gbà lọ. Nítorí ètò tuntun náà, àwọn òbí kan kó ọmọ wọn lọ síbòmíì. Àwọn tó kù dúró.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlánípẹ̀kun kò tíì gbà fún kíláàsì kejì. Fàúsátù ti ń kọ ètò kíláàsì náà sílẹ̀.