Kéèkì Tí Wọ́n Yan fún Ìràwọ̀

"Ta ló máa gba ibi tí ṣúgà pọ̀ sí jù?" Tamsin bèèrè, ọ̀bẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àṣà wọn nìyẹn ní ilé ìwòràwọ̀ orí òkè, lẹ́yìn ìlú Coonabarabran: ẹni tó bá rí nǹkan tuntun lójú ọ̀run, òun ni yóò gbé kéèkì wá síbi tíì àárọ̀. Ó ti pẹ́ tí Tamsin ti ń jẹ kéèkì oníkéèkì. Lónìí, ìyá rẹ̀ ló yan tirẹ̀ láti oko wọn nísàlẹ̀. Ìràwọ̀ kan tó jọ oòrùn wa bí ìbejì ló ṣàdédé bú iná, iná tí oòrùn tiwa ò bú irú ẹ̀ rí. Òòfà inú rẹ̀ ló lọ́ títí, bí okùn tí wọ́n lọ́ lálọ́jù, ló bá já. Tamsin ló rí i. Iṣẹ́ rẹ̀ sì ń parí lóṣù yìí. Ìràwọ̀ yẹn nìkan ló lè jẹ́ kí wọ́n tún gbà á.

Linh tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wọlé, kò jókòó. Òun ni Tamsin bẹ̀ pé kó fi awò ìwòràwọ̀ tó lágbára jù lọ tún ìràwọ̀ náà wò.

"Tam, má tíì gé e."

"Kí ló dé? Àbí o tún ti ń sá fún ṣúgà ni?"

"Méjì ni wọ́n."

"Àwọn wo?"

"Ìràwọ̀ ẹ. Ìràwọ̀ pupa kékeré kan lẹ̀ mọ́ ọn. Awò tó o lò ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Pupa yẹn ló ń bú iná. Ó tún bú u níṣojú mi lánàá. Tìẹ tó jọ oòrùn ò tiẹ̀ mira."

Tamsin gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ta ni ò mọ ìràwọ̀ pupa kéékèèké? Iná bíbú niṣẹ́ wọn! Kò sẹ́ni tó ń yan kéèkì nítorí wọn.

Alasdair, ọ̀gá wọn, ń ro tíì rẹ̀. "Ìwé tó o kọ lórí ìràwọ̀ yẹn ti wà lọ́wọ́ àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́," ó rọra sọ ọ́. "Kí ẹlòmíì tó rí àṣìṣe yìí, wọ́n á ti gbà ẹ́ síṣẹ́."

"Linh ti rí i, sà."

"Linh mọ bí wọ́n ṣe ń panu mọ́."

Linh yíjú sí fèrèsé. Ìdánwò rèé o! Tamsin gé kéèkì, ó fún kálukú. Ohun tó bà á lọ́kàn jẹ́ jù ni pé kéèkì náà dára. Lẹ́yìn náà ló lọ sídìí kọ̀ǹpútà, ó kọ̀wé sáwọn tó fẹ́ tẹ ìwé rẹ̀ pé òun gbà á padà, ìràwọ̀ náà kọ́ ló bú iná. Ó fi ránṣẹ́.

Fóònù dún.

"Tammy mi! Ṣé wọ́n jẹ ẹ́?"

"Wọ́n jẹ ẹ́ tán, Mọ́mì."

"Ìràwọ̀ wa ńkọ́?"

"Mọ́mì, yàrá mi àtijọ́, ṣé ó ṣófo?"

"Oúnjẹ àgùntàn ni mo kó sínú ẹ̀. O mọ̀ pé òjò ò rọ̀."

"Ẹ bá mi kó o jáde," ni Tamsin wí.