Ẹ Lọ Bi Sàwúdátù

Rọ̀kíbátù tẹ ọjọ́ ikú àbúrò rẹ̀ sórí ìwé ìpolówó dókítà tó ní òun ti wo àbúrò náà sàn.

Ọdún ìdìbò kẹta ni lẹ́yìn tí àwọn sójà kúrò lórí oyè. Gbogbo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú ló ń tẹ ojú olóṣèlú. Ọ̀gá rẹ̀, Àjàlá, ti lọ ra bébà. Òun nìkan ló wà nídìí kọ̀ǹpútà nígbà tí Dókítà Japhet wọlé láti Onípànù, fọ́tò lọ́wọ́. Kò mọ Rọ̀kíbátù. Ìyá wọn ló máa ń gbé Sàwúdátù lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Awọ ara Sàwúdátù ló ń le. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ le, lẹ́yìn náà ojú, títí kò fi lè lanu gba ṣíbí mọ́. Japhet ní ara rẹ̀ ló ń bá ara rẹ̀ jà. Ìyẹn jẹ́ òótọ́, wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ ní ọsibítù ìjọba. Japhet wá ní òun á fa omi inú egungun rẹ̀, òun á ṣa sẹ́ẹ̀lì tuntun nínú rẹ̀, òun á gún un padà sí i lára, awọ á sì rọ̀. Yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù bàtà ló ti ń ṣe é. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kẹta, ibà mú un. Ọjọ́ kẹrin ló kú.

Nínú fọ́tò tí Japhet mú wá, Sàwúdátù ń rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ẹ bá mi kọ ọ́ kó dùn létí," Japhet ní. "Ẹ kọ ọ́ pé ó wá bí igi, ó lọ bí òdòdó."

"Obìnrin yìí ńkọ́ báyìí?"

"Ara ẹ̀ dá ju tèmi lọ. Ó ti wà nílé ọkọ."

Rọ̀kíbátù tò ó bó ṣe fẹ́, ó tẹ ẹyọ kan jáde. Ní Ṣómólú, bí oníbàárà bá ti fọwọ́ sí ẹyọ àkọ́kọ́, wọn kì í tún fi hàn án mọ́ kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀. Japhet fọwọ́ sí i, ó jáde lọ jẹun. Rọ̀kíbátù pa ọ̀rọ̀ igi àti òdòdó rẹ́. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé:

"Sàwúdátù nìyí. Ó kú ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá. Ó wà ní itẹ́ òkú Àtàn, ìlà kẹta sí ògiri ẹ̀yìn. Ẹ lọ bi í bóyá ara rẹ̀ ti yá."

Ẹgbẹ̀rún méjì ẹyọ ló tẹ̀. Ó fi ẹyọ tí Japhet fọwọ́ sí lé orí ìdì náà, ó dì í pọ̀. Àwọn tí Japhet háyà kò kà á. Wọ́n kàn ń há a kiri ni, láti Onípànù títí dé Bàrígà.

Lẹ́yìn ìrun àsárì, Rọ̀kíbátù lọ wòran ní Onípànù. Èrò kún ìdí àtẹ̀gùn. Japhet ń sọ̀ kalẹ̀, báàgì lábẹ́ abíyá, bàtà ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo.

"Dókítà, Àtàn lẹ ń lọ ni?" obìnrin kan bi í. "Ẹ ò mà mú abẹ́rẹ́ dání."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Rọ̀kíbátù náà rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn gan-an, kò ní purọ́ fún ara rẹ̀.

Nígbà tó délé ní Bàrígà, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Fadékẹ́, alájọgbélé wọn, dúró lójú ọ̀nà. Ó ní ìyá gba ìwé kan ní títì, wọ́n rí fọ́tò ọmọ wọn lórí rẹ̀, wọ́n sì ní kí òun kà á fún àwọn.

"Mo ti kà á tán kí n tó mọ ohun tí mo kà."

Láti ọjọ́ tí Sàwúdátù ti kú, kò sẹ́ni tó jẹ́ kí ìyá mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Wọn kì í fi oórì ọmọ han òbí. Rọ̀kíbátù fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá lọ́jọ́ ìsìnkú, òun ló sì kìlọ̀ fún gbogbo ẹbí pé kí wọ́n pa ẹnu mọ́.

Ó sáré lọ sí Àtàn. Ní ìlà kẹta, ó bá ìyá lórí ìjókòó nílẹ̀, tí ìyá ń fi ọwọ́ tẹ́ iyanrìn bí ẹni ń tẹ́ ẹní. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Ṣé ibí lẹ gbé e sí látọjọ́ yìí?"

Rọ̀kíbátù dúró tì í títí wọ́n fi fẹ́ ti géètì.

Láti ọjọ́ yẹn, bí ìyá bá ti kírun òwúrọ̀ tán, ọ̀nà Àtàn ló ń gbà. Kò bá Rọ̀kíbátù jà. Oorun nìkan ló kù tó ń wá sùn nílé.