Àmì Orí Má

"Ìyá Khuê, ṣé ẹ ti kú tẹ́ ẹ ò sì sọ fún wa ni?"

Ẹ̀rín bú nínú ṣọ́ọ̀bù ìṣèékánná tó wà ní òpópónà Bolsa. Liễu ló sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ wà nínú omi gbígbóná, ó na fóònù sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i. Ìyá Khuê tó ń fá èékánná ẹ̀ ò gbójú sókè.

"Àwòrán yín rèé lára ògiri tẹ́ńpìlì o! Ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ẹ̀ ni, 'Ma vẫn thương con.' Àkúdàáyà ṣì fẹ́ràn rẹ, ọmọ mi! Háà, ọmọ yín ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìyá àti àkúdàáyà!"

Khuê, ọmọbìnrin tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, ti dé ẹnu ọ̀nà, kọfí oníyìnyín tó rà fún ìyá ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kò lè wọlé, kò lè padà.

Lédè tí wọ́n kọ sára pósítà náà, "má" ni ìyá. Bí àmì orí ẹ̀ bá já bọ́, ó di "ma", òkú tó ń rìn. Khuê fúnra ẹ̀ ló tẹ pósítà náà. Aṣọ tín-ín-rín ni wọ́n máa ń nà mọ́ férémù, ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìkan ni wọ́n ń ṣí sílẹ̀. Téèyàn bá fa yíǹkì kọjá lórí ẹ̀, ọ̀rọ̀ á bọ́ sórí bébà. Ihò àmì yẹn kéré, yíǹkì sì gbẹ dí i. Ó rí i. Ó yẹ kó fọ aṣọ náà, kó tún iṣẹ́ ṣe, àmọ́ àwọn tó máa lẹ̀ ẹ́ ti ń dúró. Ó ní wọ́n á ṣáà mọ ohun tóun ń sọ.

Ó pẹ́ kí ìyá ẹ̀ tó lè dárúkọ Lupe, obìnrin tí Khuê ń fẹ́, dípò "ọ̀rẹ́ ẹ yẹn." Ó tún pẹ́ ju ìyẹn lọ kó tó gbà kí wọ́n fi ojú òun sórí pósítà, láti bá àwọn òbí tó lé ọmọbìnrin tó ń fẹ́ obìnrin jáde nílé sọ̀rọ̀.

Nígbà tí Liễu lọ tán, Khuê wọlé.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Màá lọ ya gbogbo ẹ̀ kúrò."

"Ṣé o rí i kó o tó gbé e síta?"

Irọ́ ti dé ètè Khuê. Ó gbé e mì. "Mo rí i."

"Ojú mi lo lẹ̀ mọ́ ògiri, o wá ń kánjú."

Yìnyín ń yọ́ nínú kọfí. Khuê gbé e kalẹ̀, ó na ọwọ́ sí àwọn kútẹ́ẹ̀sì tó wà lórí pẹpẹ, ó mú pupa kan.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ fi àmì náà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, níbi gbogbo tó bá wà."

Ìyá ẹ̀ tú épírọ́ọ̀nù ẹ̀, ó gbé e kọ́.

"Tẹ́ńpìlì la ti máa bẹ̀rẹ̀. Ìwọ lo máa kọ ọ́. Èmi á dúró ti ògiri níbẹ̀, kí Liễu àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ rí i pé mi ò tíì kú."