Ọjọ́ Tí Mo Jáde Láìkí Ìyá Mi

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí obìnrin tó ti lé lógójì ọdún ń sáré kiri títì láàárọ̀ kùtù. Wọ́n ti bi mí tó. Bàbá Rédíò, tí wọ́n máa ń jókòó síwájú ilé kejì sí tiwa, tí rédíò kì í kúrò létí wọn, ni wọ́n kọ́kọ́ bi mí. Wọ́n ní, "Áyọ́ọ̀nù, ta ló ń lé ọ?" Mo ní kò sẹ́ni tó ń lé mi. Wọ́n ní irọ́ ni, pé èèyàn kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún, bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Mo ní, "Ejò tó ń lé mi, Bàbá, ẹ̀jẹ̀ ríru lorúkọ ẹ̀." Wọ́n yí ohùn rédíò wọn sókè.

Alágbàfọ̀ ni mí. Àwọn aládùúgbò ní tìtorí iṣẹ́ mi làwọn ṣe ń pè mí ní Áyọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà mi mọ̀ pé tìtorí ẹnu mi ni. Mi ò jiyàn. Ẹni tó gbé ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó ti da ọbẹ̀ sí láyà wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tó ní òun fẹ́ wọ̀ ọ́ láàárọ̀ Sátidé, ṣé kí n máa rẹ́rìn-ín sí i ni? Orí ìdúró ni mo máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́, ooru ń fẹ́ sí mi lójú, ẹsẹ̀ mi ń wú. Lọ́dún tó kọjá, òòyì kọ́ mi nídìí tábìlì tí mo ti ń lọṣọ, kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, áyọ́ọ̀nù ti dáhò sí ṣòkòtò lọ́yà kan. Nígbà tí wọ́n gbé mi dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì wo bí ẹ̀jẹ̀ mi ṣe ń ru, ó tún un wò, ló bá dìde lọ pe dọ́kítà. Dọ́kítà fún mi lóògùn, ó ní kí n dín iyọ̀ kù, kí n sì máa rìn. Nígbà tó yá tí ara mi balẹ̀, ó ní bí mo bá fẹ́ máa sáré díẹ̀díẹ̀, kò burú.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò sáré dé igun àdúgbò wa. Mo di ògiri onílé mú, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, mò ń bú dọ́kítà nínú. Èyí tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé àdúgbò wa kún fún àgbà. Ta lo fẹ́ sáré kọjá lára ẹ̀ láìkí i? Bí mo bá ní kí n sún síwájú báyìí, màá rí ìyá tó ń gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù, màá dúró.

"Ẹ káàárọ̀ mà."

"Káàárọ̀ o. Ilé ńkọ́? Mọ́mì ńkọ́? Ẹsẹ̀ wọn tó ń dùn wọ́n ńkọ́?"

Kí n tó parí ìròyìn ẹsẹ̀ Mọ́mì, ara mi á ti tutù. Màá tún bẹ̀rẹ̀, màá tún pàdé ẹlòmíì. Èmi tí mo jáde wá sáré, ìkíni ni mò ń kí kiri. Nígbà tó sú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́ lórí eré, mò ń pariwo "Ẹ káàárọ̀ o!" láìdúró. Ọ̀rọ̀ náà délé ṣáájú mi. Bàbá Rédíò ti lọ fẹjọ́ mi sun ìyá mi pé mò ń kí àwọn bí ẹni tó ń lé eṣinṣin.

Ìyá mi gan-an ni iṣẹ́ ńlá. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé látìgbà tí bàbá mi ti kú, kò sì sí ohun tí wọn ò ṣe kí n lè jáwọ́ nínú eré yìí. Wọ́n gbé bàtà tí mo fi ń sáré pa mọ́ sínú ìkòkò ńlá tó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Mo wá a títí, ó rẹ̀ mí. Ọjọ́ tí mo fẹ́ se oúnjẹ àlejò ni mo ṣí ìkòkò, tí mo bá bàtà níbẹ̀.

"Mọ́mì, ta ló fẹ́ se bàtà jẹ?"

Wọ́n ní bóyá eku ló gbé e síbẹ̀. Eku tó mọ ìdérí ìkòkò í ṣí, tó sì tún mọ̀ ọ́n dé padà!

Mo bínú lọ́jọ́ náà o, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Káfíńtà ni bàbá mi. Ara wọn tóbi bíi tèmi, wọ́n sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àmọ́ wọn ò gbà pé ó ń ṣe àwọn. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ru pákó, wọ́n ń gun òkè táńkì lọ, ìyẹn òkè tó wà lẹ́yìn ilé ìwé, tí táńkì omi ńlá wà lórí ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gùn ún dé ìdajì, wọ́n sọ pákó kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó iná kan, wọ́n jókòó tì í, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣubú, wọn ò dìde mọ́. Kí ìyá mi tó débẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Èèyàn kan tí a ò mọ̀ títí dòní ló pa ojú wọn dé. Èyí ló ń dun ìyá mi ju ikú náà gan-an lọ. Wọ́n máa ń sọ ọ́ lémọ́lémọ́ pé, "Láàárín àwọn tí ò mọ orúkọ wọn ni wọ́n kú sí." Látìgbà náà, ìyá mi kì í gba ọ̀nà òkè yẹn. Èmi náà kì í gbà á.

Ibi tó tẹ́jú ni mo ti ń sáré mi, tí mò ń fi díẹ̀ kún un, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí fóònù tó ń bá mi ka ọ̀nà ní mo ti sá kìlómítà méje. Mo pariwo lójú títì! Ọjọ́ náà ni mo pinnu pé mẹ́wàá ni màá sá, láìdúró, àti pé òkè táńkì ni màá gbà. Mo lè máa yí pápá ilé ìwé po títí mẹ́wàá á fi pé, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ tàn jẹ? Ara bàbá mi ni mo gbé wọ̀. Bí mi ò bá gun òkè yẹn, gbogbo ọjọ́ ayé mi ni màá máa rò pé ó ń dúró dè mí. Mo lọ bi dọ́kítà, ó yẹ̀ mí wò dáadáa, ó ní kí n máa lọ, kí n ṣáà má fi agídí ṣe é. Síbẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní parọ́ fún yín.

Alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà, ìyá mi ń bá mi ká táwẹ̀lì àwọn oníhòtẹ́ẹ̀lì. Mo ní, "Mọ́mì, òkè táńkì ni mo fẹ́ gbà lọ́la."

Ọwọ́ wọn dúró. "O fẹ́ kí n sin ẹni méjì lójú kan náà?"

"Dọ́kítà ní kò séwu."

"Dọ́kítà ló bí ọ ni?"

Ẹ ṣáà mọ ẹnu mi. Mo ní, "Bí mo bá jókòó sílé náà, Mọ́mì, ikú mọ ilé."

Wọ́n ju táwẹ̀lì ọwọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n wọ yàrá wọn, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Mo dá nìkan ká èyí tó kù, ó ń dùn mí pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo de okùn bàtà mi, mo lọ dúró síwájú yàrá wọn. Mo gbọ́wọ́ sókè kí n kan ilẹ̀kùn, mo tún gbé e sọ̀kalẹ̀. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá fi ẹkún dá mi lóhùn, mi ò ní lọ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jáde. Láyé mi, mi ò jáde nílé láàárọ̀ láìkí ìyá mi rí. Mo rí i pé àga ike tí wọ́n máa ń jókòó lé kò sí lẹ́nu ọ̀nà, mo rò pé tìtorí òjò tó ṣú lálẹ́ ni wọ́n ṣe gbé e wọlé.

Mo bẹ̀rẹ̀ eré. Mo juwọ́ sí Bàbá Rédíò, wọ́n ní, "Ẹ̀n, eṣinṣin ti dé!" Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo kọjá níwájú ibi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì, mo kọjá níbi tí ọ̀gbẹ́ni tó ń lẹ táyà ti ń to irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, mo gba ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé ìwé. Ẹsẹ̀ mi ń lọ geerege, ṣùgbọ́n "ẹ káàárọ̀" tí mi ò kí yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Bí ohunkóhun bá ṣe mí báyìí ńkọ́? Ohun tí màá fi sílẹ̀ fún ìyá mi nìyẹn: ọ̀rọ̀ burúkú lálẹ́, àìkíni láàárọ̀.

Mo dé ẹsẹ̀ òkè. Mo dín eré kù, mò ń gbé ẹsẹ̀ kéékèèké. Itan mi ń ta mí, òógùn ń wọ̀ mí lójú. Mo ní mi ò ní wo òpó iná yẹn. Mo sì wò ó.

Àga ike wa ló wà nídìí ẹ̀. Ìyá mi jókòó sórí ẹ̀, wọ́n gbé ìgò omi lé itan. Takisí dírẹ́bà kan tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, òun fúnra ẹ̀ fara ti ọkọ̀, ó ń yán. Àṣé kí n tó jí ni wọ́n ti jáde! Yàrá òfìfo ni mò ń gbọ́wọ́ sókè sí. Mo mọ̀ pé wọ́n wá dá mi padà ni, ẹsẹ̀ mi sì ti fẹ́ dúró fúnra ẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ ká..."

"Má dúró!" Wọ́n fò dìde, tẹsẹ̀tẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. "Ta ló ní kó o dúró? Máa lọ!"

"Mọ́mì, mi ò tíì kí..."

"Ìkíni ò sá lọ! Ṣáà máa lọ!"

Wọ́n di aṣọ wọn mú, wọ́n ń yára rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òkè yẹn ti gbà mí lágbára débi pé wọ́n ń bá mi rìn dọ́gba. Wọ́n ní, "Mi ò wá dá ọ dúró. Bàbá ẹ ṣubú, kò ṣojú mi. Bó o bá máa ṣubú, ọwọ́ mi ni wàá ṣubú sí. Bó ò bá sì ní ṣubú, kí n fojú mi rí i." Èémí wọn tán, wọ́n dúró. Mò ń gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn mi, "Máa lọ! Ọmọ bàbá ẹ, máa lọ!"

Mo sunkún gun òkè náà dé òkè téńté. Ẹ má dán an wò, ẹkún àti eré kì í bára wọn ṣe. Mo gba abẹ́ táńkì kọjá, afẹ́fẹ́ fẹ́ sí mi lára, gbogbo òrùlé ilé tẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì. Mi ò kú. Mo pariwo ẹ̀ fún ewúrẹ́ kan tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà: mi ò kú!

Ó kù díẹ̀ kí n délé nígbà tí fóònù mi ní kìlómítà mẹ́wàá ti pé. Bàbá Rédíò pa rédíò wọn, ohun tí mi ò rí rí. "Áyọ́ọ̀nù, ejò yẹn ńkọ́?"

"Ó ti rẹ̀ ẹ́, Bàbá!"

Takisí ti gbé ìyá mi délé ṣáájú mi. Wọ́n ti gbé àga wọn padà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jókòó bí ẹni tí kò lọ síbì kankan. Orúnkún mi méjèèjì kanlẹ̀ níwájú wọn, mi ò mọ̀ bóyá ìkíni ni tàbí àárẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà."

Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi láyà, wọ́n fi í sílẹ̀ síbẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ gbọ́ bí ọkàn mi ṣe ń lù, kìkì, kìkì, títí tó fi rọra balẹ̀. Omi lé ròrò sójú wọn.

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí?"

"Mo jí, mà," ni mo wí. "Dáadáa ni mo jí."