Táímìn Ọkọ̀ Màmá Agbẹ̀bí

Mẹkáníìkì kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Etí-ò-purọ́. Ó lé ní ogún ọdún tó ti ń fi etí lásán ṣe táímìn, ìyẹn ìgbà tí iná púlọ́ọ̀gì ń ta, fún àwọn ọkọ̀ àtijọ́ oní-kabúrétọ̀, irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì òde òní ń sá fún. Á tú nọ́ọ̀tì ìdí dìsìtíríbútọ̀, ohun tó ń pín iná náà, díẹ̀, á dì í lórí mú bí ẹni di orí ọmọ tí wọ́n ń fá irun fún, á máa yí i díẹ̀díẹ̀, orí tiẹ̀ náà á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti dún bó ṣe fẹ́, á rẹ́rìn-ín, á dè é pa. Rìwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ fara kanra, ní iná tí wọ́n fi ń wo táímìn, èyí tó máa ń ṣẹ́jú wìrìwìrì sí àmì ara púlì. Etí-ò-purọ́ kì í fọwọ́ kàn án. Á ní, "Ẹni tí etí ẹ̀ ò gbọ́ ló ń wá àtùpà."

Lọ́jọ́ kan, Màmá Agbẹ̀bí gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá, ó ní kò lágbára mọ́ lórí òkè tó lọ sí ilé ìgbẹ̀bí. Obìnrin yìí ló gbẹ̀bí ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ìyàwó Etí-ò-purọ́ bí. Mẹkáníìkì yí dìsìtíríbútọ̀ síwájú, ó ní ó ti parí. Lọ́jọ́ kẹta, màmá padà dé.

"Àbúrò mi, ó ń sáré lóòótọ́. Àmọ́ tó bá ń gun òkè, nǹkan kan ń dún ṣinrinṣinrin nínú ẹ̀, bí ìṣó wẹ́wẹ́ nínú agolo."

Wọ́n jọ gun òkè náà. Màmá ní, "Ó ń dún yẹn." Etí-ò-purọ́ dẹ etí títí, ìkùn ẹ́ńjìnnì nìkan ló gbọ́. Nígbà tí wọ́n padà, àwọn oníbàárà mẹ́rin ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó wù ú kó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

"Màmá, ara ọkọ̀ yín le koko. Ọjọ́ orí ló ń dún ṣinrinṣinrin létí yín!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Màmá gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó lọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi okùn wọ́ ọkọ̀ náà dé, tí èéfín ń rú lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó tú orí ẹ́ńjìnnì, ó rí i pé pisitini kẹta ti lu, etí ihò náà rí wúruwùru bí igi tí ikán jẹ. Ó mọ ohun tó ń ṣe irú ẹ̀. Iná púlọ́ọ̀gì ló ń tètè ta: epo ń gbiná kí pisitini tó gòkè tán, àwọn méjèèjì wá ń forí gbárí. Síbẹ̀, nígbà tí màmá pè é lórí fóònù, irọ́ ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Epo burúkú ni, Màmá. Àwọn elépo ìsinsìnyí ò bẹ̀rù Ọlọ́run."

"O ṣé, àbúrò mi. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rẹ̀ ọ́."

Àdúrà yẹn gún un ju èébú lọ. Ó pe Rìwáyà síbi ọkọ̀ mìíràn, ó ní kó máa yí dìsìtíríbútọ̀ síwájú kí òun máa fẹsẹ̀ tẹ iná ọkọ̀. Wọ́n ń ṣe é lọ, Rìwáyà ṣàdédé fajú ro.

"Ọ̀gá, ó tó! Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń ké ni?"

"Mo gbọ́," ló fi dáhùn. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ti lé lọ́dún kan tí ìyàwó rẹ̀ ti ní kó lọ yẹ etí wò. Ó ní ìyàwó òun ló ń sọ̀rọ̀ sínú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ sí ilé ìgbẹ̀bí. Àwọn aláboyún kún orí bẹ́ǹṣì. Ó ti rò ó pé òun á pe màmá sí kọ̀rọ̀, ó wá rántí pé kì í ṣe kọ̀rọ̀ lòun ti fi í ṣẹ̀sín. Ó dúró sáàárín wọn.

"Màmá, kì í ṣe epo. Èmi ni mo ba ẹ́ńjìnnì yín jẹ́. Etí yín gbọ́, tèmi ni ò gbọ́. Mo tún parọ́ lé e."

Ohùn rẹ̀ lọ sókè ju bó ṣe rò lọ. Gbogbo ojú yí sí i. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ì bá kó sí i.

Màmá gbé ìwé ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Mo ti mọ̀ lọ́jọ́ tá a jọ gun òkè. Ẹnu mi lò ń wò tí mo bá ń sọ̀rọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Mo fẹ́ sọ. Ìwọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí pa wọ́n lẹ́rìn-ín."

Ó lọ wá pisitini, ó tún ẹ́ńjìnnì tò. Ní ìṣojú gbogbo ènìyàn ló lọ tọrọ iná táímìn lọ́wọ́ Rìwáyà. Ìyẹn fi àkísà nù ún, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ì bá sàn kó fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Màmá wa ọkọ̀ gun òkè, Etí-ò-purọ́ jókòó tì í. Màmá ní, "Ó ṣì ń dún díẹ̀." Mẹkáníìkì sọ̀ kalẹ̀, ó yí dìsìtíríbútọ̀ padà bíńtín. Wọ́n tún gun òkè náà.

"Ó ti dákẹ́," ni màmá wí. "Dókítà etí ń bọ̀ sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá. Kí ni mo wí?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́fà."

Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó kọjú sí i, ó tún un sọ.