Ìdọ̀bálẹ̀ Mi Níwájú Ọba Dẹ́lì

Àlàmú, ọ̀rẹ́ mi, gbọ́ àlá tí mo lá lóru àná. Mo bá ara mi láàfin ọba Dẹ́lì, ní Íńdíà ayé àtijọ́. Bí mo ti rí ọba, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọmọlúàbí. Ni ìjòyè onírùngbọ̀n kan bá fi èdè Ìjẹ̀bú pariwo pé, "Ọ̀daràn tí erin fẹ́ tẹ̀ pa ló máa ń nà sílẹ̀ báyìí níbí o!"

Erin kan ti gbé ẹsẹ̀ sókè lórí ẹ̀yìn mi. Mo ké pé, "Kábíyèsí, mò ń kí yín ni!"

Erin náà wò mí, ó sì dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ilẹ̀ yàrá ni mo jí sí. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ṣọlá, ta lẹ ń kí?"

Àlàmú, n kò mọ ìtumọ̀ àlá náà. Ṣùgbọ́n bí a bá délé bàbá rẹ lónìí, orí ìdúró ni n ó ti kí wọn. Bá mi bẹ̀ wọ́n.